Tíṣà Tó Ń Wọ́n Àmì Bí Iyọ̀

Bí ẹ bá fẹ́ kí ọkùnrin yìí fẹ́ràn yín, ẹ ṣáà bi í bí wọ́n ṣe ń kọ àròkọ. Ṣùgbọ́n kí ẹ ti jẹun kí ẹ tó bi í o, torí kò ní tètè dákẹ́. Kíláàsì karùn-ún ló ń kọ́ níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa, èmi ń kọ́ kíláàsì kẹta lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Pákó lásán ni wọ́n fi pín yàrá wa, nítorí náà gbogbo fáàrí rẹ̀ pátá, etí mi ló ń wọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n là ń pè é. Ta ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn? Òun fúnra rẹ̀ ni. Ó tiẹ̀ kọ ọ́ sára ife tó fi ń mu omi.

Kí ẹ má bàa sọ pé ìlara ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó dáa nípa rẹ̀. Ó mọ ìtàn án sọ, ọmọ kì í sùn ní kíláàsì rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni kò mọ̀, ìyẹn àmì ohùn. Kò mọ èyí tó ń lọ sókè yàtọ̀ sí èyí tó ń bọ̀ wálẹ̀. Àmì kékeré tó sì máa ń wà lábẹ́ lẹ́tà, ó rò pé gègé ìkọ̀wé ló ń jò. Kò sì jẹ́ béèrè láé, torí ta ni Ọ̀jọ̀gbọ́n máa bi?

Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì rẹ̀ tá à ń pè ní Ìyá Ìbéèrè, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn pákó tó ń béèrè ibi tó yẹ kí àwọn fi àmì sí nínú àròkọ àwọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n wúkọ́. Ó tún wúkọ́. Mo mọ̀ pé wàhálà ti dé.

Ó ní, "Ẹ kọ àròkọ yín tán ná. Tó bá parí, kí ẹ wá wọ́n àmì sí i. Ṣé ẹ ti rí bí ìyá yín ṣe ń wọ́n iyọ̀ sọ́bẹ̀? Bẹ́ẹ̀ náà ni. Díẹ̀ síbí, díẹ̀ sọ́hùn-ún, kí ẹ wá kán díẹ̀ sísàlẹ̀, kó lè dùn ún wò."

Ṣọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ mi. Nígbà tí wọ́n lu aago ìsinmi, mo lọ bá a, mo rọra sọ fún un pé àmì kì í ṣe iyọ̀, pé tẹ́nì kan bá ṣì í fi, ọ̀rọ̀ á dọ̀rọ̀ mìíràn. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní ṣé èmi tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ tí ò tíì lè nu imú ara wọn ni mo fẹ́ wá kọ́ òun ní àròkọ. Inú bí mi, mi ò ní purọ́. Mo gbàdúrà pé kí ìtìjú kékeré kan bá a, èyí tí kò ní pa á.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni igbákejì ọ̀gá àgbà wa fẹ̀yìn tì. Ipò yẹn ní yàrá tirẹ̀, ilẹ̀kùn tó ní kọ́kọ́rọ́, àti àga tó ń yí bírí. Ọdún kọkànlá nìyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ti ń wo àga yẹn. Ó ti sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun ti gba ipò náà, ìyàwó ti sọ fún àwọn àna, àwọn àna sì ti ń kí i ní "ọ̀gá wa". Ó ti ra kóòtù tuntun. Mo tiẹ̀ bá a nínú yàrá náà lọ́jọ́ kan tó jókòó sórí àga, tó ń yí ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ sì kún fún ayọ̀ bí ọmọ tí wọ́n gbé gun kẹ̀kẹ́. Ká má parọ́, àánú rẹ̀ ṣe mí.

Nǹkan méjì ni wọ́n fẹ́ rí lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ ipò náà. Àkọ́kọ́, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà ní èdè Yorùbá. Ìkejì, ìyá kan láti iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ máa wá wo àròkọ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Mo ní kí Ọ̀jọ̀gbọ́n jẹ́ kí n bá a wo lẹ́tà rẹ̀. Ó fi apá bò ó bí ẹni tó wà nínú ìdánwò. Ó ní òun ti wọ́n àmì sí i dáadáa, kí n má ṣèyọnu.

Lọ́jọ́ tí ìyá alábẹ̀wò dé, Ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló pe gbogbo wa pé ká wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. A tò sára ògiri. Ìyá náà gba lẹ́tà rẹ̀, ó tì í bọ àpò, ó wá gbé ìwé àwọn ọmọ síwájú. Ó sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé ohun tó wà lórí ìwé lòun máa ń kà, òun kì í ka ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó kọ ọ́.

Ó ṣí ìwé àkọ́kọ́, ó kà á sókè ketekete. "Bàbá àgbà mi ti darúgbó. Ẹyin kan ṣoṣo ló kù sí wọn lẹ́nu."

Ó wo ọmọ tó kọ ọ́ láti orí dígí ojú rẹ̀, ó ní ẹyin adìyẹ ni àbí ti pẹ́pẹ́yẹ. Ọmọ náà ní eyín lòun ń wí, èyí tí wọ́n fi ń jẹun. Àwa tá a wà lára ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í wo òkè àjà.

Ó mú ìkejì. Orí Ọ̀jọ̀gbọ́n gan-an ni ọmọ tó ni ìwé yẹn kọ àròkọ tirẹ̀ lé. "Tíṣà wa ní ọgbọ̀n gan-an. Kò sẹ́ni tó ní ọgbọ̀n tó wọn níléèwé yìí."

Ìyá alábẹ̀wò ní, "Ọgbọ̀n kí ni?"

Ọmọ náà dìde, ó ní, "Èyí tó wà lórí wọn ni, mà."

Ọ̀gá àgbà yíjú wo orí Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, orí ọ̀hún ti pá tipẹ́, ká ní ọgbọ̀n irun ló wà níbẹ̀, à bá kà á pé. Òógùn ti ń bọ́ lára kóòtù tuntun.

Ti Ìyá Ìbéèrè ló ṣìkẹta. Ó kọ ọ́ gùn, ó kọ ọ́ dáa, orí ìyá tó bí i ló kọ ọ́ lé. Ìyá alábẹ̀wò kà á tọkàntọkàn: "Mo fẹ́ràn ìyà mi púpọ̀. Ìyà mi ló ń jí mi láàárọ̀, ìyà mi ló ń sìn mí wá síléèwé. Kò sẹ́ni tó lè gba ìyà mi lọ́wọ́ mi. Àdúrà mi ni pé kí Ọlọ́run má ṣe mú ìyà mi kúrò."

Kò sẹ́ni tó lè ṣe "àmín". Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, àwọn ọmọ ń lu tábìlì, ọ̀gá àgbà ń fi ìwé bojú. Ìyá Ìbéèrè nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá alábẹ̀wò.

Ọ̀jọ̀gbọ́n rí i pé àga tó ń yí ti fẹ́ yí lọ. Ló bá yára sọ pé olórí kunkun lọ́mọ náà, pé òun ti kọ́ ọ títí, kò gbọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí fún ọmọ ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n Ìyá Ìbéèrè ti gba ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá alábẹ̀wò, ó ṣí i sẹ́yìn, ó sì fi hàn án. Àròkọ kan náà ló wà níbẹ̀, èyí tó kọ́kọ́ kọ. Ìyá rẹ̀ ló fi àmì hàn án nílé, "ìyá mi" ló wà níbẹ̀ gbangba, kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti fi yíǹkì pupa fa ìlà gba orí rẹ̀ kọjá, ó kọ ọ́ sábẹ́ pé: *Kò níyọ̀. Tún un wọ́n.*

Ìyá alábẹ̀wò ka ìyẹn náà sókè. Ó pa ìwé dé, ó fọwọ́ pa ọmọ náà lórí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ṣé ẹ rò pé ojú máa ti Ọ̀jọ̀gbọ́n? Fún ọjọ́ kan péré ni. Nígbà tó dọjọ́ kejì, ó ti ń sọ fún wa ní yàrá àwọn olùkọ́ pé àwọn ọmọ lásán ni wọ́n dójú ti òun, pé lẹ́tà òun máa gbèjà òun, kò sí bí wọ́n ṣe máa ka lẹ́tà yẹn tí wọn ò ní gbé àga fún òun. Ní tèmi, mo ní kí Ìyá Ìbéèrè máa yà sọ́dọ̀ mi lẹ́yìn iléèwé ká jọ máa wo àmì. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó ti ń tún tèmi ṣe.

Lọ́jọ́ tí èsì dé, Ọ̀jọ̀gbọ́n wọ kóòtù. Ó ní ká jókòó kí òun kà á fún wa, ó sì gbé ohùn sókè. "A dúpẹ́ fún lẹ́tà yín. A rí i níbẹ̀ pé láti kékeré ló ti ń wù yín láti di ọ̀gá, àti pé gbogbo ẹbí yín ló mọ̀ yín sí ọ̀gá." Ó dúró, ó wò wá yíká, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tẹ̀ síwájú. "A ò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n ó dùn wá pé kò sí igi kankan nínú ọgbà iléèwé yín tí a lè gbé yín lé."

Ó tún un kà. Ó yí ìwé náà sẹ́yìn bóyá nǹkan kan ṣì kù. Ó bi wá pé kí ni ọ̀gá fẹ́ fi igi ṣe.

Àfi bí Ìyá Ìbéèrè ṣe wọlé, ó kó ìwé kíláàsì dání. Ọ̀jọ̀gbọ́n na lẹ́tà náà sí i, ó ní kó wò ó, bóyá ojú òun ló ń ṣe bàìbàì. Ọmọ náà fi ìka tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí mo ṣe kọ́ ọ.

Ó ní, "Tíṣà, èyí tó ń bọ̀ wálẹ̀ ló wà níbí. Ọ̀gà ni wọ́n kọ. Agẹmọ." Ó gbójú sókè wò ó, àánú rẹ̀ sì ń ṣe é. "Wọ́n ní bí ẹ ṣe kọ ọ́ sí wọn nìyẹn. Tíṣà, iyọ̀ yín ló pọ̀ jù."