Ọjọ́ Tí Mo Bẹ̀bẹ̀ fún Ọmọ Mi ní Yunifásítì Òyìnbó

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí wọn ó fi gbé mi wọ káà ilẹ̀. Bí mo bá rántí rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, màá ṣàdédé fọwọ́ bojú, àfi bí ẹni pé àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà tún ń wò mí. N ò kàwé. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi kọ eléyìí, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má bá mi tún un ṣe. Bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó kọ ọ́, tìtìjú tìtìjú.

Òkukù ni wọ́n ti bí mi, Ìkìrun ni mo lọ́kọ sí, ọṣẹ dúdú ni mo sè títí ọjọ́ fi lọ lórí mi. Ọkọ mi kú nígbà tí Àkànní, àkọ́bí wa, wà ní ìwé kẹrin. Ọṣẹ náà ni mo fi tọ́ ọ tó fi di tíṣà ní yunifásítì. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló ń kọ́ wọn níbẹ̀: èyí tó ń gba iṣu, èyí tó ti ṣá, ohun tí òjò ń wọ́ lọ lára rẹ̀. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Àkànní, bàbá rẹ ò wọ ilé ìwé, ó sì mọ ilẹ̀ ju gbogbo yín lọ." Á ní, "Òótọ́ ni, Màámi. Ohun tí Bàbá mọ̀ yẹn náà ni mo ń wá bí mo ṣe máa kọ sílẹ̀."

Nígbà ìjọba sójà, lásìkò tí ètò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní sáàpù sọ gbogbo ọjà di ọ̀wọ́n, yunifásítì kan ní Ìlú Ọba ránṣẹ́ pè é pé kó wá lo ọdún kan lọ́dọ̀ àwọn. Ilé ìwé náà lókìkí débi pé ẹni tí kò mọ á yàtọ̀ sí b bíi tèmi gan-an ti gbọ́ orúkọ rẹ̀. Òun àtìyàwó rẹ̀ ló jọ lọ. Ibẹ̀ ni ìyàwó bímọ sí, ni wọ́n bá ní kí n máa bọ̀ wá wẹ ọmọ.

Láti pápákọ̀ òfurufú ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo di ọṣẹ dúdú sínú ewé, mo fi aṣọ bò ó nínú báàgì mi. Òyìnbó kan tú u, ó gbóòórùn rẹ̀, ó pe ẹnì kejì, ẹnì kejì pe ẹnì kẹta. Mi ò gbédè wọn. Nígbà tí mo rí i pé wọ́n fẹ́ gbé e lọ, mo yáa bù díẹ̀ níbẹ̀, mo tutọ́ sí i, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi fọwọ́ lójú wọn. Ó hó dáadáa. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n dì í padà fún mi, wọ́n ní kí n máa lọ. Mo ní, háà, èmi yìí gbọ́n o. Mo rò pé bí èèyàn bá ti lè fi ara ṣàlàyé, kò sí ibi tí kò lè dé. Èrò yẹn ló bà mí jẹ́.

Nígbà tí mo ti wà lọ́dọ̀ wọn fún bí oṣù kan, Àkànní sọ fún wa nídìí oúnjẹ pé òun fẹ́ sọ iṣẹ́ òun fún gbogbo àwọn àgbà yunifásítì náà nínú gbọ̀ngàn. Mo rí i pé kò jẹun. Mo bi í pé kí ló dé.

Ó ní, "Màámi, bàbá arúgbó kan wà níbẹ̀. Òun ni àwọn tiwa nílé máa kọ̀wé sí láti béèrè bóyá iṣẹ́ mi tó kí wọ́n sọ mí di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti dá mi padà nílé. Bí bàbá yìí bá ní kò tó, ó tán nìyẹn."

Mo ní kò ní tán. Mo gbàdúrà lé e lórí. Mo sì ní èmi náà máa bá wọn lọ.

Nígbà tọ́jọ́ pé, a múra. A dé ẹnu ọ̀nà yunifásítì náà, ọkùnrin kan dúró síbẹ̀ gbọnrangandan, kóòtù dúdú, fìlà ribiti, bọ́tìnnì tó ń dán yinrin. Mo ní ọ̀gá wọn rèé. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, mo kí i, mo kí ìyàwó rẹ̀, mo kí àwọn ọmọ tí mi ò mọ̀ bóyá ó bí wọn. Ìyàwó Àkànní fà mí lápá. "Ẹ dìde, Màámi, mégáàdì ni." Nígbà tí a wọlé, ọkùnrin gbọọrọ kan tó wọ súwẹ́tà tí ìgúnpá rẹ̀ ti lu bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lóòró, mo kọjá. Mo bi ìyàwó pé, "Tèyí ò ní aya nílé tó lè bá a lẹ aṣọ ni?" Ó ní, "Màámi, bàbá tí ọmọ yín ń sọ nìyẹn."

Mo ti fi ìkúnlẹ̀ mi ṣòfò fún mégáàdì, mo wá kí ọ̀gá lóòró! Mo jókòó, àmọ́ ọkàn mi ò jókòó. Mo ń ronú pé ó ku ibi tí màá ti san án fún un.

Àkànní bẹ̀rẹ̀. Wọ́n pa iná, àwòrán ń yọ lára ògiri. Ìyàwó gbé ọmọ sẹ́sẹ̀, ó ń sọ ohun tí Àkànní ń wí fún mi wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ létí. Àfi bí oko wa ní Ìgbayè ṣe yọ gàdàgbà, ebè rẹrẹẹrẹ, tí àbúrò mi sì dúró láàárín rẹ̀ tòun ti ọkọ́ lọ́wọ́! Mi ò mọ̀gbà tí mo lọgun: "Àlàó! O kú oko o! Ṣé ilé le?"

Gbogbo orí yí padà. Àkànní dákẹ́, ó mu omi. Igbe mi jí ọmọ, ọmọ figbe ta, ìyàwó sáré gbé e jáde. Bí mo ṣe fi ẹnu ara mi lé ògbufọ̀ mi lọ nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n tan iná, tí wọ́n pàtẹ́wọ́, mo rò pé ó parí. Bàbá onísúwẹ́tà bá dìde. Ó ń nàka sí ògiri. Àkànní dáhùn, bàbá náà mi orí pé rárá. Àkànní tún dáhùn, bàbá gbá ìwé ọwọ́ rẹ̀ pẹ́ẹ́, ohùn rẹ̀ ń lọ sókè. Mo wo ọmọ mi, òógùn ti bò ó níwájú orí. Mo wò yíká bóyá ẹnìkan máa dìde kó ní, "Bàbá, ó tó, ẹ fi ṣe sùúrù." Kò sẹ́ni tó mira. Àwọn kan tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí tiwa ṣe rí. Bí àgbà bá ń bá ọmọ rẹ wí ní gbangba, tí ìwọ ìyá wà níbẹ̀ tóo káwọ́ gbera, ìwọ lo ta ọmọ náà. Nígbà tí Àkànní wà nílé ìwé girama ní Inísà, ó gbó pírínsípà lẹ́nu, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Mo kúnlẹ̀ sílẹ̀kùn ọkùnrin náà láàárọ̀, ọ̀sán pọ́n bá mi níbẹ̀, kó tó ní kí ọmọ padà sí kíláàsì. Orúnkún mi ni mo mọ̀. Òun nìkan ni ìwé tí mo kà.

Mo tú gèlè mi, mo fi gbàdí. Mo gba àárín àga sọ̀ kalẹ̀, mo kúnlẹ̀ síwájú bàbá náà lórí pákó. Mo pawọ́ pọ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì í. Ọmọdé ló ń ṣe é. Kò ní bàbá. Èmi ni kí ẹ bá wí, èmi ni mi ò kọ́ ọ délẹ̀."

Bàbá wò mí, ó wo Àkànní, ó bi í ní nǹkan. Ni ọmọ mi bá túmọ̀ ọ̀rọ̀ mi fún wọn, ó ń wo ilẹ̀. Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín dákẹ́. Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé mi dìde, orúnkún tirẹ̀ náà dún kẹ́kẹ́, òun náà ò lè dìde mọ́. Àwa méjèèjì wà níbẹ̀, a dira wa mú bí ẹni ń jìjàkadì, títí Àkànní fi wá fa wá sókè lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bàbá padà jókòó. Kò bi í ní ìbéèrè kankan mọ́. Kò sí ẹlòmíì tó bi í.

Lójú ọ̀nà, inú mi ń dùn. Mo sọ fún ìyàwó pé, "Mo ti yọ ọ́ o." Ìyàwó kàn wò mí. Nígbà tí a délé ni Àkànní tó jókòó sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi, bó ṣe máa ń ṣe ní kékeré.

"Màámi, bàbá yẹn ò bínú sí mi. Ìbéèrè ló ń bi mí. Lọ́dọ̀ tiwọn, tí ọ̀rọ̀ rẹ ò bá ní láárí, wọ́n á kí ọ, wọ́n á lọ mu tíì. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá wúwo ni wọ́n ń bá jiyàn. Ìbéèrè tó bi mí kẹ́yìn, ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí ẹni tó máa bi mí í. Ìdáhùn rẹ̀ wà lẹ́nu mi nígbà tí ẹ kúnlẹ̀."

Mo tú gèlè kúrò nídìí.

Ó ní, "Bó bá wá kọ̀wé pé iṣẹ́ mi tó, báwo ni màá ṣe mọ̀ pé iṣẹ́ mi ló wò, tí kì í ṣe orúnkún yín?"

Kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá sàn fún mi. Mo dìde, mo lọ wẹ ọmọ. Mo fọ orí ọmọ náà títí, ìyàwó ní, "Màámi, ó ti mọ́."

Mo padà sí Ìkìrun, àwọn náà padà dé. Gbogbo ìgbà yẹn, bí Àkànní bá wá kí mi, a máa ń sọ̀rọ̀ iṣu, a máa ń sọ̀rọ̀ òjò, a kì í sọ̀rọ̀ ìyẹn. Wọ́n ní abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má tatí were. Òótọ́ ni. Àmọ́ Àkànní ò sunkún lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo gbọ́ ẹkún tí kò sun. Ohun tí mo sì wá mọ̀ ni pé bí o bá bẹ̀bẹ̀ fún ẹni tí kò ṣẹ̀, ìwọ gan-an lo di ẹ̀ṣẹ̀ rù ú.

Lọ́jọ́ kan, ó wọlé sí ìdí ààrò mi, lẹ́tà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ti sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n nílé. Bàbá onísúwẹ́tà ti fèsì fún àwọn tó béèrè, ó sì kọ tirẹ̀ lọ́tọ̀ sí Àkànní. Mo nu ọwọ́ mi. Mo ní, "Àkànní, ṣó dárúkọ mi níbẹ̀?"

Ọmọ mi bú sẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí mi ò tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti Ìlú Ọba. Ó ní, "Màámi, kò dárúkọ yín rárá. Kò kí yín pàápàá. Ojú ewé mẹ́rin ló kọ, ìjà ló bá mi jà láti òkè délẹ̀ lórí ilẹ̀ Ìgbayè!"

Mo dojú bolẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run níbẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Àmọ́ kí n má purọ́ fún yín, ẹ̀yin tó ń kà á, ó dùn mí díẹ̀. Odindi èmi, pẹ̀lú gèlè nídìí, orúnkún mi bó lórí pákó wọn, gbogbo rẹ̀ ò tó ìlà kan péré nínú ojú ewé mẹ́rin.