Káàdì Tí Akínbíyìí Ń Dúró Dè

Ilé ìtajà kọ̀ǹpútà kan ní Ring Road ló gbé ìdíje eré káàdì póókà kalẹ̀ fún àwọn oníbàárà rẹ̀, nínú gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì kan ní Bódìjà. Ọ̀fẹ́ ni wíwọlé, ẹni mẹ́fà tó bá sì kù gbẹ̀yìn máa gbé láptọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan lọ sílé. Ó ku èèyàn méje.

Nínú àwọn méje yìí, Akínbíyìí ni ṣíìpù rẹ̀, ike pẹlẹbẹ tí wọ́n ń lò bí owó nínú eré náà, kéré jù. Ó ka ìmọ̀ ìṣirò ní yunifásítì, ó ṣe dáadáa, kò sì sí ẹni tó bi í léèrè láti ìgbà náà. Ní báyìí ó ti rí iṣẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan tó máa bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, àwọn tó fún un níṣẹ́ sì ti sọ ọ́ kedere pé ẹni tí kò bá ní láptọ́ọ̀pù kó má yọ wọ́n lẹ́nu. Tirẹ̀ ti jóná nílé rẹ̀ ní Agbowó, lọ́jọ́ tí iná mànàmáná dé pẹ̀lú agbára tó pọ̀ jù. Bàbá Olúgbádé ló jókòó sí ọwọ́ òsì rẹ̀, àgbàlagbà tó ta pákó ní Bódìjà títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ṣíìpù tó wà níwájú Bàbá fẹ́rẹ̀ẹ́ kan án ní àgbọ̀n. Nabeelah tó ń pín káàdì kì í sọ̀rọ̀, ìka ló fi ń kan tábìlì. Àwọn márùn-ún yòókù ti ki nǹkan orin bọ etí, wọ́n ti kúrò láyé.

"Ọmọ mi, ó kàn ọ́," ni Bàbá wí.

Akínbíyìí gbé etí káàdì méjì tí wọ́n pín fún un sókè díẹ̀, bí ẹni tó ń yọjú wo èsì ìdánwò. Ó jù wọ́n sílẹ̀.

"Mo jáwọ́, sà."

"O tún jáwọ́. Nítorí pé èmi ni mo ti fi ṣíìpù sílẹ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ fi sílẹ̀ lóòótọ́, sà."

"Ẹ wo ọmọ tí wọ́n kọ́. Ìgbàkigbà tí mo bá ti sọ ṣíìpù sílẹ̀, á yà fún mi. Àwọn tó ki nǹkan sétí wọ̀nyí, wọn ò mọ̀ pé àgbà jókòó síbí. Bàbá ẹ ńkọ́?"

"Wọ́n ti kú, sà."

"Wọ́n ṣiṣẹ́ wọn tán kí wọ́n tó lọ."

Akínbíyìí kò lè sọ fún un pé kì í ṣe ọ̀wọ̀ ló mú òun jáwọ́. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ṣùgbọ́n ojú ọmọlúàbí dùn ún wò ju ojú ojo lọ, nítorí náà ó jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Nabeelah kan tábìlì. Akínbíyìí ka ṣíìpù díẹ̀ nínú ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù, ó tì í síwájú.

"Kí lo sọ sílẹ̀ fún? O ò tíì rí káàdì."

"Dandan ni, sà. Tó bá ti yí dé ọ̀dọ̀ èèyàn, á sọ díẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó pín káàdì. Bí àkókò sì ṣe ń lọ, wọ́n ń fi kún un."

"Bí owó ilé."

"Bí owó ilé gan-an, sà."

"Ó wá jẹ́ pé bó o ṣe jókòó jẹ́ẹ́ yìí, ńṣe lò ń tán lọ."

"Mò ń tán lọ, sà. Mò ń dúró de ásì méjì, káàdì tó ga jù lọ."

"Ó máa ń wá?"

"Ẹ̀ẹ̀kan nínú igba ó lé mọ́kànlélógún."

Bàbá mi orí tìyanu-tìyanu. "Sùúrù tún wà lára ẹ. Ká ní ọkọ ọmọ mi ní irú sùúrù yìí."

Ìyìn yẹn gún Akínbíyìí ju èébú lọ. Ó yí àga rẹ̀ sọ́dọ̀ Bàbá, ó sì fi ohùn ẹni tó dúró níwájú pátákó ìkọ̀wé sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ má yìn mí. Kò yẹ kéèyàn dúró. Ẹni tí ṣíìpù ẹ̀ bá ti kéré, bó bá ti rí káàdì tó jọ nǹkan, kó kó gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni. Àwọn yòókù lè sá fún un, á kó èyí tó wà nílẹ̀. Bí ẹnì kan bá sì dá a lóhùn, ó ṣì lè borí. Ẹni tó bá ń dúró ti kú, wọn ò tíì sin ín ni. Orí ẹ̀ ni mo kọ iṣẹ́ àṣekágbá mi lé ní yunifásítì. Mò ń kọ́ àwọn èèyàn lórí fóònù pàápàá."

"Àwọn tó ò ń kọ́, wọ́n ń ṣe é?"

"Wọ́n ń ṣe é, sà. Wọ́n ń jẹ."

"Ìwọ wá ńkọ́?"

"Fárìánsì ni, sà."

"Ta ni?"

"Kì í ṣe èèyàn. Òun ló ń jẹ́ kí káàdì tó dáa pàdánù, kí káàdì burúkú jẹ. Èèyàn á ṣe gbogbo ẹ̀ bó ṣe yẹ, á sì jáde lọ́wọ́ òfo."

Bàbá rẹ ohùn sílẹ̀. "A ní irú ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù pákó. Surajudeen ló ń jẹ́. Èèyàn á ka pákó lé e lọ́wọ́ láàárọ̀, tó bá di ọ̀sán, àlàyé ló máa kù."

"Èyí ò ṣeé lé lẹ́nu iṣẹ́, sà."

"Surajudeen náà ò ṣeé lé. Àbúrò ìyàwó mi ni."

Nabeelah pín káàdì. Akínbíyìí jáwọ́. Bàbá ta tirẹ̀ títí dé ìparí, ó jẹ, ó sì ṣí káàdì rẹ̀ kí gbogbo ayé lè rí i: méje àti méjì.

"Bàbá, kò sí káàdì tó burú tó yẹn nínú eré yìí. Kí lẹ rí lára ẹ̀?"

"Ọmọ méje ni mo bí, ìbejì làwọn méjì tó kẹ́yìn. Tí mo bá jù wọ́n nù, kí ni kí n wí nílé?"

Akínbíyìí dijú. Ìgbà tí òun ṣe ohun gbogbo bó ṣe yẹ kẹ́yìn, níbi ìdánwò iṣẹ́ kan, ọmọ ọ̀rẹ́ ọ̀gá ni wọ́n fún níṣẹ́ náà. Ọjọ́ yẹn ló kọ́ ọ pé èèyàn lè tọ̀nà kó má sì já mọ́ nǹkan kan. Láti ìgbà náà, kò fi ohun gbogbo tó ní sílẹ̀ lórí nǹkan kan mọ́.

Nabeelah tún ń pín káàdì lọ́wọ́ nígbà tí Bàbá dìde. "Ẹ má bínú. Ara àgbà. Mò ń bọ̀."

Àwọn tó ki nǹkan sétí jáwọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn pátá, ó wá kan Akínbíyìí. Ó yọjú wo káàdì rẹ̀: ọba àti mẹ́wàá. Káàdì tó jọ nǹkan nìyẹn, bó ṣe wà nínú iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ gan-an. Ó gbé ọwọ́ lé ṣíìpù. Ó gbé ọwọ́ kúrò. Ó ti mú káàdì náà láti jù ú sílẹ̀ nígbà tí Bàbá wọlé dé, tó ń nu ọwọ́ sí agbádá.

Ọmọ tí wọ́n kọ́ kì í jókòó gbagidi kí àgbà. Akínbíyìí fò dìde, ó tẹ orí àti àyà ba, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú lórí tábìlì. "Ẹ kú àbọ̀, sà."

Ìlà funfun kan wà lórí tábìlì náà. Ṣíìpù tó bá ti kọjá rẹ̀ ti di títa. Nígbà tí Akínbíyìí fi máa nàró, apá rẹ̀ ti gbá gbogbo tirẹ̀ lọ sódì kejì, kò ku ẹyọ kan.

Nabeelah wo ṣíìpù. Ó wo Akínbíyìí. Ó na àtẹ́lẹwọ́ sí i pé kó kó o padà.

"Kó o, ọmọ mi," ni Bàbá wí. "Gbogbo wa rí i pé ìkíni ni."

Akínbíyìí wo àwọn ṣíìpù náà níbi tí wọ́n wà lọ́hùn-ún. Ohun tó ti ń bà á lẹ́rù láti àárọ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ó yẹ ara rẹ̀ wò, kò sí ibi tó ń dùn ún.

"Ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀, sà."

"Àṣìṣe ni."

"Ọwọ́ mi ló ṣàṣìṣe. Ìṣirò ẹ̀ tọ̀nà."

"Fárìánsì tó ń bà ọ́ lẹ́rù yẹn ńkọ́?"

"Kó máa bọ̀."

Bàbá jókòó, ó ti ṣíìpù tó tó ti Akínbíyìí síwájú. "Ó dáa. Èmi náà dé ibẹ̀."

"Bàbá, ẹ ò tíì wo káàdì yín."

"O fi gbogbo ohun tó o ní kí mi. Ṣé kí n wá máa wò ọ́ ni?"

Wọ́n ṣí káàdì. Ti Bàbá jẹ́ ayaba àti mẹ́rin.

"Ta ló ń jẹ báyìí?" ni Bàbá béèrè.

"Èmi ni, sà. Nínú ẹ̀ẹ̀mẹta, màá jẹ bí ẹ̀ẹ̀mejì."

"Ẹ̀ẹ̀kẹta ńkọ́?"

"Màá wọ mọ́tò lọ sí Agbowó."

Nabeelah ṣí káàdì mẹ́ta tí àwọn méjèèjì jọ máa lò sáàárín tábìlì. Ayaba kan wà nínú wọn, ti Bàbá wá di méjì.

"Màmá Ìbejì dé," ni Bàbá wí, inú rẹ̀ ò sì dùn tó bó ṣe yẹ. "Ọmọ mi, ọwọ́ ẹ ò gbọ̀n."

"Kò sí nǹkan lọ́wọ́ mi mọ́, sà."

Káàdì kẹrin dé, kò sọ nǹkan kan. Ìkarùn-ún jẹ́ ọba, ti Akínbíyìí náà di méjì, ọba sì ju ayaba lọ. Nabeelah ti ṣíìpù ìlọ́po méjì sọ́dọ̀ Akínbíyìí.

Kò dúró tò wọ́n. Wọ́n pín òmíràn, ó kó gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sá fún un. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n tún sá. Ọ̀kan nínú àwọn tó ki nǹkan sétí ló wá di ẹni tó kéré jù, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúró de káàdì tó dáa. Ó fi sùúrù dúró títí ó fi tán pátápátá, ó yọ nǹkan orin létí, ó sì béèrè ọ̀nà àbájáde.

Ó ku mẹ́fà. Wọ́n gbé páálí láptọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀yìn àga kálukú.

"Ó ti parí?" ni Bàbá béèrè.

"Rárá, sà. A ṣì máa ta á títí á fi ku ẹnì kan ṣoṣo."

"Kí lonítọ̀hún máa gbà?"

"Wọ́n á ya fọ́tò ẹ̀, wọ́n á gbé e kọ́ ńlá síwájú ilé ìtajà ní Ring Road."

Bàbá fi apá méjèèjì ti òkè ṣíìpù rẹ̀ kọjá ìlà funfun. "Bíyìí, dákun, tètè wá borí mi. Ìpàdé ìjọ ni mo sọ nílé pé mo lọ."

"Láptọ́ọ̀pù tẹ́ ẹ máa gbé wọlé ńkọ́, sà?"

"Ìyẹn, ìjọ ló ta mí lọ́rẹ. Fọ́tò yẹn ni n ò mọ bí mo ṣe fẹ́ dì í ru ìjọ."