Tẹlifíṣọ̀n Káfíńtà Lójú Fèrèsé Aránṣọ

Ẹjọ́ tó dé ààfin Baálẹ̀ lánàá kò ní ẹ̀jẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n káfíńtà kan wà nínú rẹ̀, ìyẹn náà sì tó. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, ló pè é lẹ́jọ́.

"Ẹ̀yin bàbá mi, fèrèsé kan ṣoṣo ló wà ní pálọ̀ wa. Iwájú rẹ̀ ni mo ti ń ránṣọ láti ọdún mẹ́sàn-án. Ọkọ mi yìí ra tẹlifíṣọ̀n tuntun, ó gbé e bo fèrèsé náà pátápátá. N kò rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì, apá aṣọ ni mo rán mọ́ ọrùn rẹ̀. Àwọn oníbàárà mi ti ń kó aṣọ wọn lọ."

Baálẹ̀ yíjú sí káfíńtà. "Ṣé o ò wọn ògiri kó o tó ra nǹkan ni?"

"Mo wọ̀n ọ́n, Bàbá! Ẹni tó tà á fún mi sọ pé láti igun òkè lápá kan dé igun ìsàlẹ̀ lápá kejì ni wọ́n ń wọn tẹlifíṣọ̀n. Èmi náà wọn àlàfo àárín ilẹ̀kùn àti fèrèsé láti igun dé igun, láti àjà dé ilẹ̀. Ó ṣe rẹ́gí."

"Àlàfo tó rí tín-ín-rín bí àkàbà? Ṣé òòró lo fẹ́ gbé e kọ́ ni?"

"Mo dán an wò, Bàbá. Gbogbo àwọn tó ń ka ìròyìn ló dùbúlẹ̀."

Baálẹ̀ mí kanlẹ̀.

"Níbo wá ni kí ìyàwó rẹ ti rí ìmọ́lẹ̀?"

"Ìmọ́lẹ̀ ń bẹ nínú tẹlifíṣọ̀n, Bàbá! Inú aṣálẹ̀ ni fíìmù àná. Oòrùn ibẹ̀ ju ti ìta lọ."

"Tílẹ̀ bá ṣú nínú fíìmù ńkọ́?"

"Kó sinmi nígbà yẹn. Ṣé kì í rẹ̀ ẹ́ ni?"

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí káfíńtà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń kunlé.

"Wọ́n purọ́ mọ́ ọn, Bàbá. Kò sóhun tó bo fèrèsé. Ojú fèrèsé yẹn gan-an ni mo ti ń wo tẹlifíṣọ̀n náà láti ìta."

"Kí lo rí lánàá?"

"Nǹkan dúdú, Bàbá, pẹ̀lú wáyà."

"Ẹ̀yìn rẹ̀ nìyẹn, ọ̀dẹ̀!"

"Hẹ̀n! Mo rò pé iná ló lọ ni."

Ó kan ẹni tó ta tẹlifíṣọ̀n. "Èmi kìlọ̀ fún un pé yóò tóbi jù."

Káfíńtà fò dìde. "Ìwọ yìí? Ṣebí ìwọ lo ní ọkùnrin gidi kì í ra kékeré!"

"Mo ti sọ ìyẹn kí n tó kìlọ̀."

Baálẹ̀ gbọ́wọ́ sókè, ó dájọ́. "Láti òní, kí ẹ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó yìí lọ sí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ìwọ káfíńtà, kó ayùn àti òòlù rẹ wá sí pálọ̀. Iwájú tẹlifíṣọ̀n rẹ ni wàá ti máa ṣiṣẹ́, láìtan iná mìíràn. Ọjọ́ tó o bá kan àga kan níbẹ̀ tí kò mì, ọjọ́ náà ni wàá gba ṣọ́ọ̀bù rẹ padà."

Káfíńtà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Bàbá, ẹ ṣàánú mi! Ta ló lè kan àga tí kò ní mì nínú òkùnkùn yẹn?"

"Àní ká má tíì sọ ti òkùnkùn," ni Baálẹ̀ wí, ó di apá ìjókòó rẹ̀ tó ń mì mú. "Èyí tí mo jókòó lé yìí, ojú oòrùn ọ̀sán gangan lo ti kàn án."

Ìyàwó na ọwọ́ sí ọkọ rẹ̀, ó ní kó mú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù wá.