Símẹ́ńtì Ò Mọ Ọnọrébù

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Létí gọ́tà ńlá tó pín àdúgbò sí méjì, bàbá bíríkìlà kan tí gbogbo ayé ń pè ní Rọra-ṣe ń wọ́n omi díẹ̀díẹ̀ sórí afárá kọnkéré tuntun. Ẹni tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀ yìí, tó wọ aṣọ funfun báláú, tó mú àlùmọ́gàjí tuntun dání, tó fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn kọ́ èjìká, aṣòfin àdúgbò náà ni. Ó-ti-parí ni àwọn tó dìbò fún un ń pè é, nítorí iṣẹ́ tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ pàápàá, "Ó ti parí" ló máa ń wí.

Ó-ti-parí: Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá!

Rọra-ṣe: Ọnọrébù, ẹ kú àárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ẹsẹ̀ yẹn sílẹ̀.

Ó-ti-parí: Ẹsẹ̀ wo?

Rọra-ṣe: Èyí tó wà lókè yẹn. Ẹ dá a padà síbi tí ẹ ti gbé e wá.

Ó-ti-parí dá ẹsẹ̀ padà. Ó ń wo afárá bí ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn ilé ara ẹ̀ mọ́ síta.

Ó-ti-parí: Bàbá, ṣé ẹ mọ̀ mí ṣá?

Rọra-ṣe: Èmi mọ̀ yín dáadáa. Símẹ́ńtì ni ò mọ̀ yín.

Ó-ti-parí: Aago mẹ́wàá la fẹ́ ṣí afárá yìí! Mo ti kéde ẹ̀ lórí rédíò!

Rọra-ṣe: Ṣé ẹ kéde ẹ̀ fún èmi?

Ó-ti-parí: Ṣé ẹ kì í gbọ́ rédíò ni?

Rọra-ṣe: Ẹ̀rọ tí a fi ń po kọnkéré nìkan ni mò ń gbọ́. Ìdájí òní la dà á, Ọnọrébù. Àwa mẹ́fà la jọ dà á. Àwọn yòókù ti lọ sùn, èmi ló kù tí mò ń ṣọ́ ọ.

Ó-ti-parí: Ìdájí òní kẹ̀? Ṣebí láti oṣù tó kọjá lẹ ti wà níbí!

Rọra-ṣe: Oṣù tó kọjá, mo gbẹ́lẹ̀, mo di irin. Bí mo ṣe fẹ́ dà á báyìí, àwọn èèyàn yín dé. Wọ́n ní kí n dúró ná, pé pátákó tí àwòrán yín wà lórí ẹ̀ ni kí n kọ́kọ́ rì.

Ó-ti-parí: Ẹ sì rì í?

Rọra-ṣe: Ẹ wò ó lókè yẹn. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún rèé tí ìdí ẹ̀ ti le. Ìjì ò lè mì í. Ìdí ẹ̀ ló gba símẹ́ńtì afárá tán, àná ni òmíràn tó dé. Ká ní orí pátákó làwọn èèyàn ń gbà kọjá ni, ẹ ò bá ti máa sáré lórí ẹ̀.

Ó-ti-parí gbójú sókè. Àwòrán ara ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí i. Nísàlẹ̀ àwòrán ọ̀hún, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé: IṢẸ́ YÌÍ TI PARÍ.

Ó-ti-parí: Ọjọ́ mélòó ló máa gbà kó tó gbẹ?

Rọra-ṣe: Ọjọ́ mẹ́rìnlá. A ó máa bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Ó-ti-parí: Ẹ fẹ́ kó gbẹ, ẹ tún ń da omi sí i! Bàbá, ṣé ẹ̀ ń gbọ́ ohun tí ẹ̀ ń sọ?

Rọra-ṣe: Ta ló sọ fún yín pé gbígbẹ ni mò ń wá? Líle ni mò ń wá. Bó bá yára gbẹ, sísán ló máa sán. Ọmọ tuntun ni. Ẹnìkan ò lè bímọ láàárọ̀ kó ní kí ọmọ gbé ẹrù lọ́sàn-án.

Ó-ti-parí: Ṣebí àwọn àgbà ní ohun tí a bá fagbára mú ló ń le koko? Ẹ fagbára mú un!

Rọra-ṣe: Ẹ ò ka ìbẹ̀rẹ̀ òwe yẹn ni. Ẹ̀sọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ sọ.

Ó-ti-parí: Bàbá, ẹ má gbàgbé pé aṣòfin ni mí o.

Rọra-ṣe: Ó dáa náà. Ẹ lọ ṣòfin pé kí símẹ́ńtì máa le lóòjọ́. Bí ẹ bá ṣe é tán, ẹ wá kà á sí i létí. Màá dúró dè yín.

Ó-ti-parí: Kò yá tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta la máa ń ka òfin nílé ìgbìmọ̀ ká tó fọwọ́ sí i.

Rọra-ṣe: Ìyẹn gan-an ló dáa jù. Ẹ lọ kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Kẹ́ ẹ tó kà á tán, ọjọ́ mẹ́rìnlá á ti pé.

Ó-ti-parí rìn síwájú, ó rìn sẹ́yìn. Ó sún mọ́ bàbá, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ bẹ̀ ẹ́.

Ó-ti-parí: Èmi nìkan ńkọ́? Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, kí wọ́n fi ya fọ́tò mi.

Rọra-ṣe: Ẹsẹ̀ kan yẹn, ipa ẹ̀ á wà níbẹ̀ títí ọmọ yín á fi ní ọmọ-ọmọ.

Ó-ti-parí: Ní tòótọ́? Ipa ẹsẹ̀ mi? Bàbá, ohun tí mò ń wá láti ọdún mẹ́ta nìyẹn!

Rọra-ṣe: Ihò ni mò ń wí, Ọnọrébù! Omi òjò á máa dúró sí i, ẹ̀fọn á máa yé sí i. Wọ́n á wá máa sọ kiri àdúgbò pé ẹ̀fọn Ọnọrébù ló jẹ àwọn.

Ó-ti-parí: Bí mo bá fò ó ńkọ́?

Rọra-ṣe: Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá ni ìbú gọ́tà yẹn. Ẹ fò ó. Ó pẹ́ tí àwòrán yín ti ń wá ohun tó máa fi rẹ́rìn-ín.

Ó-ti-parí jókòó sórí òkìtì yanrìn, pẹ̀lú aṣọ funfun.

Ó-ti-parí: Bàbá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ṣèlérí afárá yìí. Ìbò ku oṣù díẹ̀. Bí wọ́n bá dé tí mi ò ṣí i, wọ́n á ní irọ́ mi tún dé. Ojú ń tì mí.

Rọra-ṣe gbé korobá omi sílẹ̀.

Rọra-ṣe: Ẹ rí pákó tín-ínrín tí wọ́n tẹ́ sórí gọ́tà lọ́hùn-ún yẹn? Orí ẹ̀ lọmọ mi obìnrin ń gbà lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀, pẹ̀lú oyún oṣù méje. Bó bá ti gbé ẹsẹ̀ lé e, mi ò ní í mí títí á fi dé òdìkejì. Torí ẹ̀ ni mo ṣe gba iṣẹ́ yìí. Bí ọ̀pọ̀ èèyàn bá tẹ afárá yìí lónìí, inú ló ti máa sán, níbi tójú ò tó. Èmi ò sì mọ ẹni tó máa wà lórí ẹ̀ lọ́jọ́ tó bá fẹ́ já. Ẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí, Ọnọrébù. Ó bà mí ju ẹ̀rù yín lọ.

Ariwo àti orin ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu títì, àwọn èrò ti ń bọ̀. Ó-ti-parí dìde, ó gbọn yanrìn nídìí, ó ki àlùmọ́gàjí bọ àpò.

Ó-ti-parí: Kí ni kí n sọ fún wọn?

Rọra-ṣe: Òótọ́.

Ó-ti-parí: Òótọ́ lásán? Ẹ ò rí nǹkan kan tí mo lè fi jẹ ẹ́?

Èrò ti dé. Ó-ti-parí gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu.

Ó-ti-parí: Ẹ̀yin èèyàn mi! Iṣẹ́ yìí… ti…

Rọra-ṣe wúkọ́.

Ó-ti-parí: …kò tíì parí o!

Ìyá kan kígbe pé, "Yéè! Ẹnu Ó-ti-parí la ti gbọ́ ọ!" Ẹ̀rín bẹ́, àtẹ́wọ́ sì tẹ̀lé e. Irú àtẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀, Ọnọrébù ò gbọ́ ọ rí láyé ẹ̀. Inú ẹ̀ dùn dé ibi tí kò yẹ kó dé.

Ó-ti-parí: Ọjọ́ mẹ́rìnlá ló kù! Láàárọ̀, nírọ̀lẹ́, a gbọ́dọ̀ bomi rin ín! Ta ló sì máa bomi rin ín? Èmi tí ẹ dìbò fún ni! Pẹ̀lú ọwọ́ mi méjèèjì!

Àdúgbò mì tìtì. Rọra-ṣe rọra gbé korobá, ó fi lé e lọ́wọ́.

Ó-ti-parí, tó ṣì ń rẹ́rìn-ín sí èrò: Bàbá, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán mà ni.

Rọra-ṣe: Gbogbo wọn ti gbọ́ ọ. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ òní, aago mẹ́fà àárọ̀ ọ̀la. Ẹ má pẹ́ o.

Ó-ti-parí: Ọ̀la kẹ̀? Ọ̀la la ní ìjókòó nílé ìgbìmọ̀! Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn níbẹ̀?

Rọra-ṣe: Ẹ sọ fún wọn pé ẹ ti ríṣẹ́.