Fátíhà Màmá Oore-ọ̀fẹ́

Ogójì ọdún ni Màmá Oore-ọ̀fẹ́ fi ṣe ṣọ́ọ̀ṣì l'Ádó-Èkìtì kí ó tó di Mùsùlùmí ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ yìí, ó wà níwájú Àfáà Ọlátúbọ̀sún, ọmọkùnrin ará Ìwó tó ń kọ́ ọ ní kéwú ní àdúgbò Adébáyọ̀.

"Ìyá, Fátíhà yá. Ẹsẹ méje péré ni."

Màmá dìde, ó fa ìbòrí rẹ̀ wálẹ̀, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn.

"Àkọ́sórí mi wá láti inú Súrà kìíní, ẹsẹ kìíní títí dé ìkeje, ó sì kà báyìí pé..."

"Ẹ dúró, ẹ dúró! Ta lẹ ń sọ ibi tó ti wá fún?"

"Ọlọ́run ni."

"Ọlọ́hun tó sọ ọ́ kalẹ̀? Ṣé òun ni kò mọ ibi tó wà?"

"Ó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n níléèwé ọjọ́ ìsinmi tiwa, ẹni tí kò bá dárúkọ orí àti ẹsẹ, wọn ò ní pàtẹ́wọ́ fún un."

"A kì í pàtẹ́wọ́ lórí ìrun!"

"Háà! Rárá rárá?"

Ó tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò dárúkọ ibì kankan. Ó la ẹnu, ẹnu sì wà ní lílà bẹ́ẹ̀.

"Ìyá, ẹ máa bá a lọ."

"Ó ti lọ. Gbogbo rẹ̀ ló bá àdírẹ́sì lọ."

Àfáà bú sẹ́rìn-ín. Màmá ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀.

"Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín, Àfáà. Lọ́la ni mò ń lọ sí ulé wa n'Ígèdè, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, nítorí ẹ̀gẹ́ tí a fẹ́ fà. Kò sí Mùsùlùmí kankan lágboolé yẹn tí n ó tò sẹ́yìn rẹ̀ kírun. Lóṣù tó kọjá, mo dúró láti kírun níbẹ̀, Fátíhà sá lọ, mo dúró títí ẹsẹ̀ mi fi kú. Àbúrò mi ní ta ló ń fìyà jẹ mí. Ó dùn mí wọra."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Àfáà. Àánú Màmá ṣe é gan-an. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn.

"Ó dáa. Bí ẹ bá ti ṣàlùwàlá tán, ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ kéde gbogbo àdírẹ́sì tó bá wù yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti gorí ẹní, ó parí!"

Màmá sáré bọ́ síta. Ọlọ́kadà kan tó ń dúró de èrò ló kéde fún: Súrà kìíní, ẹsẹ kìíní títí dé ìkeje. Ọlọ́kadà ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ní, "Àmín o, Màmá!"

Ó wọlé padà, ó gorí ẹní, ó ní Bisimilahi, ó sì kà á dé ìparí, kò ṣì í níbì kan.

Àfáà fò sókè, inú rẹ̀ dùn kọjá ààlà.

"Alihamudulilahi! Ìyá, ọpọlọ yín mà pé o! Ogójì ọdún ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ó ti mọ ìdajì Bíbélì sórí!"

Màmá wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ má jẹ́ kí Pásítọ̀ wa gbọ́ o. Orin Dáfídì kẹtàdínlọ́gọ́fà ni mò ń kà fún wọn lọ́dọọdún. Ẹsẹ méjì péré ló ní."