Ọkùnrin Tó Dá Kọ̀ǹpútà Lóhùn Pé Bẹ́ẹ̀ Ni

Ẹ kú ìkàwé o, ẹ̀yin ará mi. Ọlọ́run tó fún wa lójú tá a fi ń kàwé, tó tún fún wa lẹ́nu tá a fi ń rẹ́rìn-ín, ọpẹ́ ni fún un.

Lánàá ni ẹjọ́ kan wọ ààfin. Ìyá Akọrin, ẹni tó ń darí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ, ló pe àbúrò ọkọ rẹ̀ lẹ́jọ́, ọkùnrin tí gbogbo wọn ń pè ní Mo-ti-mọ̀-ọ́n. Ọdún mọ́kànlá ni ìyá yìí ti ń kó orin tó ń hun sínú kọ̀ǹpútà, igba orin ó lé mẹ́ta, kò sì sí ẹyọ kan níbòmíràn. Ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tí kò fojú kan oorun.

“Kí ló dé, Ìyá Akọrin?” ni Baálẹ̀ bi í.

“Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́ fún wa. Mo ní kí ọkọ mi kékeré yìí bá mi sọ ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà mi di tuntun, torí èyí tó wà níbẹ̀ ti gbó. Ó ní òun mọ̀ ọ́n ṣe. Nígbà tó máa fi dìde, kọ̀ǹpútà ń dán yanran, orin mi ò sí mọ́.”

Baálẹ̀ yíjú sí olùjẹ́jọ́. “Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́ yìí?”

“Ìwé ni, Baálẹ̀. Àwọn tó ṣe ètò náà fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé, wọ́n sì kọ ìwé ìtọ́nisọ́nà tì í lọ́fẹ̀ẹ́. Mo tẹ gbogbo rẹ̀ jáde, ọ̀ọ́dúnrún ojú ewé.”

“O kà á?”

“Fínnífínní.”

Ìyàwó rẹ̀, tó wá jẹ́rìí gbè é, dìde fùú. “Òótọ́ ni, Baálẹ̀. Orí ìwé yẹn ló ń sùn. Ó ní ìrọ̀rí wa ti rọ̀ jù.”

Akọ̀wé ìgbìmọ̀ ṣí ìwé náà, ó ka ojú ewé kìíní sókè: “‘Kó o tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ṣe ẹ̀dà gbogbo ohun tó o ní, kó o sì kó o síbòmíràn.’”

“Ìyẹn wà nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú, Baálẹ̀. Ta ló ń ka ọ̀rọ̀ ìṣáájú?”

Àwọn ìjòyè wolẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè kọ́kọ́ sọ òkúta, torí àwọn náà kì í kà á.

“Kí ló wá pa orin?”

“Ẹ̀kọ́ ilé ni, Baálẹ̀. Kọ̀ǹpútà bi mí pé, ‘Ṣé kí n nu gbogbo ohun tó wà níbí?’ Kọ̀ǹpútà yẹn ti wà nínú ẹbí wa kí n tó gbéyàwó. Ṣé kí n wá wojú àgbà, kí n ní rárá? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ẹ̀ẹ̀melòó ló bi ọ́?”

“Ẹ̀ẹ̀kan péré.”

“Ẹ̀ẹ̀mẹta ni,” ni ìyàwó rẹ̀ wí. “Ìkẹta tiẹ̀ fi lẹ́tà pupa kọ ọ́: ‘Ṣé ó dá ọ lójú?’ Ọkọ mi bá dọ̀bálẹ̀, ó ní, ‘Bẹ́ẹ̀ ni, sà.’”

“Ìwọ náà, ṣé èmi lo ń gbè ni?”

“Wọ́n mú mi búra, bàbá àwọn ọmọ mi.”

Ààfin wó fún ẹ̀rín. Ìyá Akọrin nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. “Baálẹ̀, orin tí mo fi sin ìyá mi, òun la fẹ́ kọ lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀. Ìlà méjì péré ni mo rántí.”

Baálẹ̀ kọjú sí i. “Ẹni mélòó ló wà nínú ẹgbẹ́ yín?”

“Mẹ́rìnlélógún, Baálẹ̀. Ẹnì kan mọ ẹsẹ kìíní, ẹlòmíràn mọ ègbè.”

“Orin ò kú nígbà náà, ó fọ́nká ni. Ẹ gbọ́ ìdájọ́. Mo-ti-mọ̀-ọ́n yóò lọ sílé gbogbo wọn. Wọn yóò máa kọrin, yóò máa fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Orin tó fi sin ìyá rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wá, kó tó di ọjọ́ Ìsinmi. Bí igba ó lé mẹ́ta bá sì pé, kó tún gbogbo rẹ̀ kọ lẹ́ẹ̀kejì, torí ojú ewé kìíní ní ká ṣe ẹ̀dà.”

“Ó tán, Baálẹ̀?”

“Ó ku díẹ̀. Nílé kọ̀ọ̀kan, wọ́n á bi ọ́ pé, ‘Ṣé wàá jẹun?’ Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n á bi ọ́. Rárá ni kó o máa wí, kí ẹnu rẹ lè mọ̀ ọ́n.”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Ìyá Akọrin, àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta. “Ọkọ mi, ẹ jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ tèmi bẹ̀rẹ̀. Ìlà méjì wà níbẹ̀, ọbẹ̀ sì wà lórí iná.”

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kà á dé ìhín, ohun tẹ́ ẹ fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ, Olúwa yóò bá yín pa á mọ́. Kò ní bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ń fi ìwé ṣe ìrọ̀rí. Àmín.