Iná Tútù Ashraf àti Ológbò Màámi

Àárọ̀ Sátidé ni Ashraf kúrò ní Ìkòròdú tó forí lé Ẹ̀pẹ́. Àbúrò rẹ̀, Baseerah, ló tẹ̀ ẹ́ láago pé ó di ọjọ́ mọ́kànlá tí ìyá wọn ti pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tì. Kò dúró níbì kankan títí ó fi dé ẹ̀yìn Ọjà Olúwo. Ó bá ìyá rẹ̀, Fàósátù ẹlẹ́ja, nídìí ààrò, ó ń to ẹja ọ̀bọ̀kún sórí wáyà. Agbọ̀n kan tí wọ́n de lẹ́nu wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nǹkan kan sì ń ha á láti inú.

Ashraf dọ̀bálẹ̀. "Màámi, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ashraf, ọmọ mi! Dìde, kí eérú má ba aṣọ ẹ jẹ́. Iná náà dà?"

"Iná wo, Màámi?"

"Iná tútù! Ṣebí ìwọ lo pè mí pé ẹ ti rí iná kan níbi ìwádìí yín tó ń dáàbò bo ọkàn? Ó yá, mo ti múra."

Fàósátù tú ìborùn rẹ̀, ó jókòó ṣánṣán lórí àpótí bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò.

"Oògùn yín ńkọ́, Màámi?"

"Kí ni mo fẹ́ fi oògùn ṣe? Ẹni tí ọmọ ẹ̀ ń dá iná, ṣé ó tún máa lọ tọrọ ìṣáná?"

Ashraf káwọ́ lérí. Òun náà ló kúkú fọ́nnu lórí fóònù, tó fi ìdajì ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Pílásímà tútù ni wọ́n ń pè é. Afẹ́fẹ́ lásán ni. Bí a bá rán iná mànàmáná gba inú ẹ̀, á máa tàn yòò, àmọ́ kò ní jó ọwọ́."

"Iná tí kì í jóni!" Fàósátù na ọwọ́ tó kún fún àpá sí i. "Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń yan ẹja, kò sí èyí tó ṣàánú mi nínú wọn. Kí ló wá ń ṣe fún ọkàn?"

"Bí ẹ̀jẹ̀ ò bá dé ọkàn mọ́, àwọn èérún tó para pọ̀ di ọkàn á máa kú. A fẹ́ mọ̀ bóyá, bí a bá kọ́kọ́ fi iná yìí kàn wọ́n díẹ̀, wọ́n á lè fara da ìnira náà tó bá dé."

Fàósátù bú sẹ́rìn-ín. "Ìyẹn lẹ lọ kọ́ ní yunifásítì? Ẹja tó o bá gbé ka iná ńlá lójijì, fífọ́ ló máa fọ́. Èéfín kékeré ló ń kọ́kọ́ rí kí ara ẹ̀ lè le. Ìyá mi tí kò jókòó ní kíláàsì rí ló kọ́ mi!"

Ọdún mẹ́ta gbáko ni Ashraf fi kàwé lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá rẹ̀ tún na ọwọ́ sí i.

"Èéfín kékeré tèmi wá dà? Ṣẹ̀rífátù tá a jọ ń yan ẹja ló kàn tẹ̀ lé mi. Mo ti ní kó jáwọ́ nínú oògùn tiẹ̀ náà."

"Subhanallah! Ẹ pè é padà, Màámi! A ò tíì fi kan ènìyàn!"

"Kí lẹ wá ń fi kàn?"

Ashraf wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Eku."

"Kí lo wí?"

"Èérún ọkàn eku, Màámi. Nínú abọ́."

Igi ta pàù nínú ààrò.

"Ọkàn eku," ni Fàósátù wí. "Ọmọ tí mo bí, ọkàn eku ló ń tọ́jú! Eku ogójì tó o ní ó wà níbiṣẹ́ yín, àwọn náà nìyẹn?"

"Àwọn náà ni."

"Èmi rò pé wọ́n ń dà yín láàmú ni. Mo ti wá ẹni tó máa bá yín lé wọn." Ó nawọ́ sí agbọ̀n.

"Mìáò," ni agbọ̀n náà dá a lóhùn.

Ẹ̀rín fẹ́ pa Ashraf, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kò jẹ́. Ó nawọ́ sí ẹja kan létí wáyà. "Màámi, ẹ di eléyìí fún mi."

"Èwo? Èyí tí kò tíì gbẹ?"

"Ṣebí ó ti rí èéfín."

"Rírí èéfín ni jíjinná? Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa fi mí bú káàkiri Olúwo ni? Ẹja tí mi ò tíì ṣẹ́ lẹ́yìn wò, tí ológbò ò tíì tọ́ wò, kì í kúrò lórí wáyà mi!"

"Iná tiwa náà ṣì wà lórí wáyà, Màámi. Eku ló ń bá wa tọ́ ọ wò. Ó lè gba ọdún mẹ́wàá kó tó kan ènìyàn, ó sì lè má jinná láéláé. Ẹ̀rù yín ń bà mí. Ìyá kan ṣoṣo ni mo ní."

Fàósátù tú etí ìró rẹ̀, ó yọ páálí oògùn jáde.

"Mi ò kúkú jù ú nù. A kì í tìtorí òjò tó ṣú da omi agbada nù." Ó fi omi gbé hóró kan mì. "Pe Ṣẹ̀rífátù fún mi. Ká lọ bá dókítà, kó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àwa méjèèjì."

Inú Ashraf dùn dé ẹ̀yìn. Kí ìyá rẹ̀ má baà sọ pé ó kọ ẹ̀bùn òun, ó gbé agbọ̀n náà kọ́ apá.

"Ẹ ṣeun, Màámi. Màá mú ológbò yìí dání lọ sí Ìkòròdú."

Fàósátù fò dìde lórí àpótí. "Gbé agbọ̀n yẹn sílẹ̀! Kó lọ jẹ àwọn eku tó ń bá mi tọ́ oògùn wò tán?"